Ìkarahun Kan, Orúkọ Méjì

Ẹran kan wà nínú òkun tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkarahun méjì. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè, wọ́n sì so kọ́ra lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn ṣe ń so mọ́ férémù. Nígbà tí ẹran náà bá wà láàyè, agbára ni ó fi ń pa ilé rẹ̀ dé. Iṣan kan wà láàrin tí ń fa méjèèjì mọ́ra. Ọjọ́ tí ó bá kú, iṣan á jẹrà, ilé á là fúnra rẹ̀, ìgbì á gbé ọ̀kan lọ síhìn-ín, á gbé èkejì lọ sọ́hùn-ún. Wọn kì í ríra mọ́.

Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo irú ìkarahun bẹ́ẹ̀, àwọn ti ayé àtijọ́ tí ó ti di òkúta. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó ti ń ṣe é, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Á fọ òkúta, á wọ̀n ọ́n, á wá àpá tí iṣan fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, á sọ irú èyí tí ó jẹ́, á sì kọ ọ́ síwèé kí àwọn onímọ̀ ibòmíràn lè kà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Òkúta. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ó sì ti kọjá ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọge. Bí wọ́n bá pè é ní orúkọ náà lẹ́nu iṣẹ́, á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá délé, ẹ̀rín náà kì í tẹ̀ lé e wọlé.

Lára àwọn àpótí tó wà nínú yàrá rẹ̀, ọ̀kan wà tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju òwú lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìkarahun ìyá rẹ̀ wà.

Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kí ó tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó rí ìkarahun kan ní ibi ìwakùsà, ó kéré, ṣùgbọ́n ó jìn bí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó tíì fún irú rẹ̀ lórúkọ. Ó fi orúkọ ọmọbìnrin tí ó ń wá láti fẹ́ sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà gbà fún un. Ó bí ọmọ kan ṣoṣo, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà ní girama. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, bàbá wọ ibi iṣẹ́, ó mú ìkarahun náà nínú òwú, ó jù ú sápò, ó gbé e lọ sílé. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkarahun tí wọ́n bá kọ́kọ́ so orúkọ mọ́ kì í kúrò nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí orúkọ náà. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún ọ̀gá?

Ọjọ́ Ajé kan ni ayàwòrán tuntun dé. Ó ga, ó tẹ̀ léjìká díẹ̀, ó sì kó àwọn pẹ́ńsù rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní kí n wá bá Ìyá Òkúta.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀?”

“Wọn ò sọ orúkọ míì fún mi mà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìkarahun kan fún un láti yà. Ọkùnrin náà jókòó sídìí fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí obìnrin náà lọ wò ó, ó rí i pé ó ti yà á tán, àti ibi tó kán létí.

“Ẹ ya ibi tó kán mọ́ ọn.”

“Ó kán ni mà.”

“Ayàwòrán tó lọ máa ń bá wa tún un ṣe.”

“Bí mo bá tún un ṣe, irọ́ ni mo yà.”

Ó wá wo ọkùnrin náà dáadáa. “Ta ló kọ́ yín?”

“Bàbá mi. Tíṣà ni, kó tó kú. Ó máa ń kó ìkarahun wálé, ó máa ń ní ká yà wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ń pè é ní Ọlọ́mọrí.”

Ife tíì tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà kò dé ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òwe ni orúkọ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìsọkúsọ, bàbá rẹ̀ á ní, “Má ṣe Ọlọ́mọrí fún mi.” Òun náà ti fi bú ọmọ iléèwé rẹ̀ rí. Kò rò ó rí pé Ọlọ́mọrí ní ìyàwó, pé ó bímọ, pé ọmọ náà mọ àwòrán yà.

Ìtàn náà kò gùn. Ọ̀rẹ́ ni bàbá rẹ̀ àti Tíṣà nígbà tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí ìkarahun kan tó pẹlẹbẹ bí ọmọrí ìkòkò, ní apá ìlà-oòrùn ibi ìwakùsà. Ó fún un lórúkọ, ó kọ ọ́ síwèé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá rí èyí tó jìn ní apá ìwọ̀-oòrùn, ó fún òun náà lórúkọ. Nígbà tí Tíṣà fi ojú kàn án, ó dìde nínú ìpàdé. Ó ní, “Ìkòkò ọmọrí mi rèé. Ẹran kan ni.” Bí ẹran kan bá sì ni lóòótọ́, òfin iṣẹ́ náà ni pé orúkọ àkọ́kọ́ ló ń dúró. Èkejì á ṣubú. Bàbá dìde, ó ní, “Ẹ bá mi wo ọ̀rẹ́ mi o. Ó rí ọmọrí he, ó ń wá ìkòkò kiri ilé onílé.” Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tíì rí méjèèjì pa pọ̀ rí, Tíṣà kò sì ní ẹ̀rí. Ẹ̀rín yẹn ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì títí ó fi kú.

“Ṣé ẹ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?” obìnrin náà bi ayàwòrán.

“Mo mọ̀ kí n tó gba iṣẹ́ náà mà.”

“Ẹ sì wá?”

“Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.” Ó da pẹ́ńsù rẹ̀ padà sínú agolo. “N ò mọ̀ pé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín báyẹn.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

“Mà” ló kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ” pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Wọ́n jọ ń wo òkúta nínú awò kan náà, orí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ń yára gbé tirẹ̀ kúrò. Obìnrin náà mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó mọ bó ṣe ń fẹ́ eruku pẹ́ńsù kúrò lórí bébà, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ka ìlà tó wà lẹ́yìn ìkarahun kan.

“Mélòó lo kà?” ọkùnrin náà bi í.

“Méjìlélógún.”

“Èmi ka mọ́kànlélógún.”

“Ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́. Tún un kà.”

Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń kà á pẹ̀lú ṣónṣó pẹ́ńsù. Kò gbójú sókè. “Fẹ́ mi,” ló sọ.

“Ìlà ni mo ní kó o kà.”

“Mo ti kà á. Méjìlélógún ni. O jàre. Fẹ́ mi.”

Obìnrin náà gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ibi tí òkúta náà ti kúrò.

Bàbá rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn nígbà tí obìnrin náà lọ sọ fún un.

“Ọmọ ta?”

“Ọmọ Tíṣà kan, Bàbá.”

“Tíṣà pọ̀ láyé.”

“Ọlọ́mọrí.”

Bàbá ká ìwé ìròyìn náà, ó tún un ká. “Ó kú tán, ó ṣì ń wá ìkòkò kiri. Ó wá rán ọmọ rẹ̀.”

“Kò rán an, Bàbá.”

“N ò gbà.”

“Ẹ ò tíì rí i.”

“Mo rí bàbá rẹ̀.”

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni alárinà. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì sinmi ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò kéré mọ́ o. Bẹ́ ẹ bá ní kì í ṣe eléyìí, òkúta lẹ máa fà á lé lọ́wọ́.” Àǹtí yìí bá gba ilé ìyàwó Tíṣà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, ó bọ́ bàtà, ó nasẹ̀.

“Obìnrin yẹn le ju abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi lọ. Ó fún mi lómi, ó fún mi ní tìmùtìmù, ó wojú mi. Ó ní, ‘Ọmọ yín ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi gbé orúkọ ẹ̀sín kọ́rùn wọ sàréè. Ẹni tó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ni yóò wá tú u. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé yìí, tó ní ọkọ mi ò parọ́, ọjọ́ náà ni ọmọ mi lè gbéyàwó.’”

“Ṣé ẹ sọ fún Bàbá?”

“Mo sọ. Ó ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ mi.” Àǹtí rẹ̀ ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. “Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó dáa. Àmọ́ ogún ọdún ti pọ̀ jù fún obìnrin tó ń wá ọkọ.”

Àwọn méjèèjì lè lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ayàwòrán sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Ìyá ẹ ńkọ́?” obìnrin náà bi í.

Ọkùnrin náà yí pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀.

“Bàbá mi ńkọ́?”

“Ká dúró nìyẹn.”

“Ká dúró.”

Ìdúró kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò tún ayàwòrán gbà mọ́. Ó rí iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé iléèwé. Ó ń ya màlúù fún wọn, ó ń ya ọkọ̀ ojú irin. Ó gbàgbé pẹ́ńsù kan sórí fèrèsé. Obìnrin náà kò gbẹ́ ẹ, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó.

Ọjọ́ Àìkú ni ọkùnrin náà máa ń pè é.

“O jẹun?”

“Mo jẹun.”

“Kí lò ń wò?”

“Fèrèsé. Ìwọ ńkọ́?”

“Màlúù. Wọ́n ní kí n ya ìwo rẹ̀ kó gùn sí i.”

“O sì yà á?”

“N ò yà á.”

Wọ́n á wá dákẹ́. Àwọn méjèèjì á máa gbọ́ bí èkejì ṣe ń mí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà á padà sídìí àpá iṣan. Ó mọ ohun tí àpá yẹn ń sọ. Níhìn-ín ni ohun kan ti di èkejì mú. Ó di í mú títí agbára rẹ̀ fi tán. Nígbà mìíràn, á fi ìka sí i, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣé òun náà kò ní jẹrà kí ilẹ̀kùn tó ṣí? Á mú ìka kúrò. Á kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún.

Ibi ìwakùsà jìn sí i. Wọ́n wa ìsàlẹ̀ títí wọ́n fi kan ibi tí ẹrẹ̀ ti ya lulẹ̀ láyé àtijọ́, lẹ́ẹ̀kan náà, tó bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ láàyè. Wọ́n kó ìṣù ẹrẹ̀ gbígbẹ wá bá Ìyá Òkúta nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Ó fi abẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò já mọ́ nǹkan.

Nínú ọ̀kan, ó kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn ìkarahun tó pẹlẹbẹ. Ó mọ̀ ọ́n. Ti Tíṣà ni. Ó yí ìṣù náà dojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó kan ẹrẹ̀ lásán. Ìkarahun ló kàn. Ó jìn, ó yọ ikùn bí ìkòkò. Ìlà ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà ní girama, lára ìkarahun ìyá rẹ̀ tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀.

Ẹnu méjèèjì pàdé, wọ́n dé mọ́ra gírígírí. Ẹran náà kò rí àyè lanu kí ẹrẹ̀ tó bò ó.

Ó jókòó. Àwọn ọkọ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde níta. Ó wá yé e. Ìgbì ló yà wọ́n. Ọmọrí fúyẹ́, ìgbì gbé e lọ sí ìlà-oòrùn. Ìkòkò wúwo, ó kù sí ìwọ̀-oòrùn. Tíṣà kò parọ́. Bí òun bá sì kọ ọ́, orúkọ tí yóò ṣubú kì í ṣe ti bàbá òun. Ti ìyá òun ni.

Ó lè dá ẹrẹ̀ padà sí i. Kò sẹ́ni tó rí i.

Kò tíì di ọjọ́ Àìkú, àmọ́ ó pe ayàwòrán.

“Mo rí i.”

“Kí lo rí?”

“Ìkòkò bàbá ẹ. Ọmọrí wà lórí ẹ̀.”

“Má kọ ọ́.”

“O gbọ́ ohun tí mo sọ ṣá? Bàbá ẹ ló jàre!”

“Mo gbọ́. Bàbá mi ti kú. Ó mọ̀ pé òun jàre, ó fi sùn. Bàbá tìẹ wà láyé. N ò fẹ́ ìyàwó tó ta bàbá rẹ̀ kó tó rí mi fẹ́.”

“Kí la máa wá ṣe?”

“N ò mọ̀.” Ohùn rẹ̀ ti yí. “Ṣé ó dáa? Ṣé ó pé?”

“Ó pé. Kò kán níbì kankan.”

“Ì bá wù mí kí n yà á.”

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, níwájú rẹ̀. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta náà. Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ó fi èékánná tọ ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé, yíká.

“Níbo ni wọ́n ti rí i?”

“Ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ló bò wọ́n.”

“Láàyè?”

“Láàyè, Bàbá.”

Ó gbé e sílẹ̀. “O ti sọ fún ọmọ yẹn.”

“Mo sọ fún un. Ó ní kí n má kọ ọ́.”

Bàbá gbójú sókè. “Ta ló ní kó o má kọ ọ́?”

“Òun. Ó ní òun ò fẹ́ ìyàwó tó ta bàbá rẹ̀.”

Ojú fèrèsé ni bàbá ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Nígbà tí mo ń wá ìyá rẹ, n ò ní nǹkan kan. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé mọ́tò wá bá a. Èmi mú òkúta lọ. Ó ní, ‘Òkúta lo mú wá fún mi?’ Mo ní, ‘Rárá o. Orúkọ rẹ ni mo mú fún òkúta. Bí gbogbo wa bá kú tán, wọ́n á ṣì máa pè é.’ Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló fi gbà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rẹ́ mi dìde, tó ní orúkọ náà ò lè dúró.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?”

“N ò mọ̀. N ò fẹ́ mọ̀. Méjèèjì ò jìnnà síra.”

“Bàbá, orúkọ tó bá ṣubú kì í sọnù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní wọ́n máa ń kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó dúró, níbikíbi tí wọ́n bá ti sọ bí wọ́n ṣe mọ ẹran náà.”

“Lábẹ́ Ọlọ́mọrí.”

“Lábẹ́ rẹ̀. Títí láé.”

“Máa lọ sílé.”

Ó nawọ́ sí òkúta náà. Bàbá gbé ọwọ́ lé e. “Fi sílẹ̀ dọ̀la.”

Ó wo ọwọ́ náà. Kò sí ìkarahun mìíràn tó dé mọ́ra bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, bó ti mọ. Ó fi sílẹ̀.

“O fi sílẹ̀!” Àǹtí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. “Pẹ̀lú òòlù tó wà nínú ilé yẹn! Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó o ní láyé, o kó o fún ẹni tó ń bá ẹ jà!”

“Bàbá mi ni, Àǹtí mi.”

“Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn.”

Nígbà tó dé ilé bàbá rẹ̀ lówùúrọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó yọjú lójú fèrèsé. Òkúta kò sí lórí tábìlì. Àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí rẹ̀.

Bàbá ló bá níbẹ̀. Ó dúró láàrin ṣọ́ọ̀bù nínú kóòtù tí ó fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé àtijọ́. Àpò kóòtù náà wú. Àǹtí ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn láyà, òwú wà láàrin eyín rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ ba ọmọ náà lẹ́rù.

“Bọ́tìnnì mi já,” bàbá sọ. “Ẹ mú mi lọ sílé ìyàwó Tíṣà.”

Ìyá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tú súwẹ́tà àtijọ́ kan láti fi òwú rẹ̀ hun tuntun. Bàbá dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Ẹ káàárọ̀, ìyá.”

“Ẹ káàárọ̀. Ta nìyẹn?”

“Èmi ni mo sọ ọkọ yín ní Ọlọ́mọrí.”

Ọwọ́ ìyá dúró. Kò ní kó jókòó. “Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.”

“Ó pẹ́.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo gbé ìkòkò náà wá.”

Ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: òkúta tó dé mọ́ra, àti ìkarahun jíjìn tí kò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó gbé àkọ́kọ́ lé ìyá lọ́wọ́.

“Ọmọrí rẹ̀ nìyẹn lórí rẹ̀. Ẹran kan ni. Ọkọ yín ò parọ́. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.”

Ìyá wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Kò kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Kékeré báyìí?” ó sọ. “Ohun tó gba ayé ọkọ mi lọ́wọ́ ẹ̀, kékeré báyìí?”

Ọmọ bàbá náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi kún un.

“Èkejì yẹn ńkọ́?” ìyá bèèrè.

“Ti ìyàwó mi ni. Òun ni mo ń gbèjà nígbà yẹn.”

“Ṣé ó mọ̀?”

“Kò mọ̀. Ó kú láìmọ̀.”

Ìyá wò ó títí. Ó wá dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ìkarahun pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí Tíṣà kó wálé. Ó gbé e lé ẹnu ìkarahun jíjìn tó wà lọ́wọ́ bàbá. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò dé e.

“Kò wọ̀ ọ́.”

“Irú kan ni wọ́n, ìyá,” obìnrin náà sọ. “Kì í ṣe ẹran kan náà.”

“Ẹn-ẹn. Bí èmi àti bàbá yìí.”

Àǹtí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé ṣe. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi etí súwẹ́tà nu ojú.

“Ẹ gòkè wá, bàbá. Ẹ jókòó. Òòrùn ń pa yín.”

Láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni Ìyá Òkúta ti pe ayàwòrán.

“Wá yà á.”

“Ta ló ní?”

“Bàbá mi.”

Ó gbọ́ bó ṣe mí. “Ta ló tún ní?”

“Ìyá ẹ. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí súwẹ́tà.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ti ní kó o wá láti ọjọ́ tó o ti lọ.”

Ó dé pẹ̀lú agolo bisikíìtì rẹ̀. Ewú ti yọ ní ẹ̀bá etí rẹ̀, obìnrin náà kò sì mọ̀, nítorí ewú kì í dún lórí fóònù. Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó mú pẹ́ńsù tó gbàgbé síbẹ̀, ó wò ó.

“O ò gbẹ́ ẹ.”

“Tìẹ ni.”

Ó gbẹ́ ẹ, ó sì yà. Wọn kò la ìkarahun náà. Àwọn tó ti là ti sọ ohun tó wà nínú wọn. Obìnrin náà kọ ọ́ báyìí: *Ìkarahun òsì tó wà nísàlẹ̀ jìn, ikùn rẹ̀ yọ. Ti ọ̀tún tó wà lókè pẹlẹbẹ. Àpá iṣan kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjú síra. A rí méjèèjì pa pọ̀, ní dídé.* Òkè gan-an ni ó kọ orúkọ tí Tíṣà fún un sí. Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ó kà á fún bàbá rẹ̀. Ó ka ti òkè. Bàbá fi orí dá a lóhùn. Ó ní, “Ka ti ìsàlẹ̀.” Ó kà á. “Tún un kà.” Ó tún un kà.

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí. Aṣọ tí Àǹtí rán fún ìyàwó fún un jù lọ́wọ́. Àǹtí ní ìyàwó ló sanra nítorí ayọ̀.

Ìkarahun ìyá rẹ̀ ti padà sínú òwú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó máa ń wá lọ́sàn-án, nínú kóòtù, bọ́tìnnì pé. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní ta ni bàbá ń wá.

“Ìyàwó mi,” ló máa ń sọ.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ á fa àga fún un. Ọmọ rẹ̀ á ṣí àpótí náà, á gbé e sí iwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jáde síta, wọ́n á sì rọra fa ilẹ̀kùn náà dé.